Akin, Ihò Eléérú rèé o

Ìjàpọ̀, Àkúrẹ́.

Akin ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Òtútù Kánádà ńkọ́? Mo ka lẹ́tà rẹ lẹ́ẹ̀mejì. O ní níwọ̀n ìgbà tí sáyẹ́ǹsì ti sọ bí ayé àti èèyàn ṣe bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rí wo ló kù lọ́wọ́ mi tí mo fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ ro ohun tójú mi rí fún ọ.

Lóṣù tó kọjá, mo mú Tọ́lá lọ sí Ihò Eléérú, nítòsí Ìsàrun. Ṣé o rí i, àwa méjèèjì dàgbà sí Àkúrẹ́, a ò débẹ̀ rí! Ọ̀kadà gbé wa dé ibi tí agbára rẹ̀ mọ, a wá fẹsẹ̀ rìn, ẹ̀fọn sì jẹ wá yó. Àpáta ńlá kan ló tẹ̀ síwájú bí òrùlé. Ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ gbẹ, eruku rẹ̀ kúnná bí èlùbọ́.

Ibẹ̀ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Thurstan Shaw, awalẹ̀pìtàn, àti àwọn èèyàn rẹ̀ ti wú egungun èèyàn jáde lọ́dún 1965. Èédú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ egungun náà ni wọ́n fi mọ ọjọ́ orí rẹ̀: ó lé ní 11,000 ọdún. Mo ṣàlàyé fún Tọ́lá pé igi tó wà láàyè máa ń gba irú kábọ́ọ̀nù kan látinú afẹ́fẹ́. Tó bá ti kú, kò gbà mọ́, èyí tó wà nínú rẹ̀ á sì máa dín kù. Tó bá di 5,730 ọdún, ìdajì ló máa kù. Ó dà bí ìgbà téèyàn bá wo ibi tí kẹrosíìnì dé nínú àtùpà kó tó mọ bó ti pẹ́ tí wọ́n ti tàn án.

Ọmọ náà dákẹ́. Nígbà tó yá, ó ní, "Dádì, ṣebí tíṣà wa nílé ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi ní ayé ò tíì ju 6,000 ọdún lọ? Ta ló wá sin ín?"

Akin, òógùn bò mí. Mo lè ní èédú ń purọ́, bí àwọn kan ṣe ń wí lórí pẹpẹ. Ṣùgbọ́n wọ́n ti fi ọ̀nà mìíràn yẹ egungun náà fúnra rẹ̀ wò, èyí tí wọ́n sọ lọ́dún 2011 sì bọ́ sáàárín 11,700 sí 16,300 ọdún. Iye 6,000 yẹn, kò sí ẹsẹ Bíbélì tó kọ ọ́. James Ussher, bíṣọ́ọ̀bù àgbà kan ní Áyálándì, ló ro ọdún àwọn baba ńlá pọ̀ ní 1650, tó fi dé ọdún 4004 ṣáájú ìbí Krístì. Ìṣirò èèyàn ni. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún Tọ́lá. (Ẹnu mi ò tíì gbà á láti sọ fún tíṣà rẹ̀.)

Ìwọ náà ṣá ń sáré jù. O ní Big Bang, èrò pé gbogbo àgbáálá ayé bẹ̀rẹ̀ láti ibi kékeré kan tó gbóná, tó sì ń gbòòrò títí dòní, ti lé Ọlọ́run jáde. Ta ló mú èrò yẹn wá? Fádà ni, Georges Lemaître ará Bẹ́ljíọ̀mù. Nígbà tí Póòpù Pius Kejìlá sì fẹ́ fi í ti ọ̀rọ̀ ìṣẹ̀dá lẹ́yìn lọ́dún 1951, inú Fádà yẹn ò dùn sí i. Kò fẹ́ kí wọ́n fi ìṣirò òun gbé Ọlọ́run dúró, bẹ́ẹ̀ ni kò fẹ́ kí wọ́n fi bì í ṣubú. Èmi náà ò ní fipá mú egungun Ìsàrun láti jẹ́rìí ohun tí kò mọ̀.

Ẹ̀rí tèmi? O rántí alẹ́ tí wọ́n bí Tọ́lá. Dókítà ló fi abẹ gbà wọ́n là, ẹ̀jẹ̀ tí àbúrò rẹ fi sílẹ̀ ló wọ ara ìyàwó mi. Mo mọ gbogbo ìyẹn. Síbẹ̀, nígbà tí mo kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yẹn, mi ò dá wà. Mi ò lè gbé e sórí òṣùwọ̀n fún ọ. Tó o bá ní kò tó, mi ò ní bá ọ jà.

Mo yà kí Màmá rẹ ní Ọjà Ọba lánàá. Wọ́n ní kí n bá àwọn bi ọ́ bóyá o ṣì ń gbàdúrà. Mo ní kí wọ́n pè ọ́ fúnra wọn. Gbé fóònù o.

Èmi ni,
Fẹ́mi