Kì í Ṣe Ọwọ́ Àgbà Ló Ń Gbọ̀n, Bíléèdì Ló Ń Yà

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o.

Mo ka ojú ìwé tí ẹ yà sọ́tọ̀ fún àwa tá a ti fẹ̀yìn tì, mo kà á látòkè délẹ̀, owó ìfẹ̀yìntì wà níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru wà níbẹ̀, bá a ṣe máa rí oorun sùn wà níbẹ̀, àmọ́ ẹ ò sọ nǹkan kan nípa ohun tá a máa fi ọwọ́ wa méjèèjì ṣe látìgbà tá a bá ti jí títí ilẹ̀ á fi ṣú, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ kékeré kan tí mo fi ń gé pákó ni.

Ọdún 33 ni mo fi jókòó ti ìwé owó, bírò àti kálúkúlétọ̀ nìkan ni irinṣẹ́ tí mo mọ̀ láyé mi. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi ń jí laago 5, máa wẹ̀, máa múra, máa wá jókòó sórí àga bí ẹni tó ń dúró de mọ́tò tí ò ní dé. Ibi tí mo ti ń wo fídíò kiri lórí fóònù ni mo ti rí bàbá kan tó ń gé ẹyẹ jáde látinú pákó pẹlẹbẹ, irun orí ẹ̀ funfun ju tèmi lọ, mo ní tí eléyìí bá lè ṣe é, èmi náà á ṣe é. Scroll saw lorúkọ ẹ̀rọ tó ń lò.

Fún ẹni tí ò bá mọ̀ ọ́n, ayùn oníná kékeré ni, orí tábìlì ló máa ń dúró sí, bíléèdì ẹ̀ tín-ín-rín bí okùn gìtá, gígùn ẹ̀ ò ju íǹṣì 5 lọ, wọ́n há a mú lókè, wọ́n há a mú nísàlẹ̀, á wá máa lọ sókè sódò bí abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ. Kódà láyé ọjọ́un kí iná mànàmáná tó wọlé, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ gẹ́lẹ́. Èyí tó bá ní ibi tí wọ́n ti ń yí sípíìdì, á máa lọ láti bí ìgbà 400 dé 1,600 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ayùn ò ní kúrò lójú kan, pákó lẹ̀ẹ́ máa fọwọ́ yí, ìdí nìyẹn tó fi lè gba kọ́nà tí ayùn káfíńtà ò lè gbà. Ìjókòó lẹ sì lè fi ṣe gbogbo ẹ̀, ìyẹn ló kọ́kọ́ wù mí, nítorí orúnkún.

Àṣìṣe tèmi ti bẹ̀rẹ̀ látọjọ́ tí mo ra ẹ̀rọ. Bíléèdì oríṣi méjì ló wà, ọ̀kan ní irin kékeré kan tó dábùú ẹ̀ lórí àti nídìí, pín-ìn ni wọ́n ń pè é, èkejì ò ní nǹkan kan, ó kàn gùn lọ gbọọrọ ni. Ẹ̀rọ tí mo kọ́kọ́ rà, oní-pín-ìn nìkan ló ń gbà, ẹni tó tà á fún mi ò sì là á yé mi. Ìgbà tí mo wá fẹ́ máa gé ọnà sínú pákó, ìyẹn àwọn ihò tí wọ́n máa ń fi dírílì lu kí wọ́n tó ti bíléèdì bọ inú ẹ̀, mo rí i pé ihò tó máa gba pín-ìn yẹn ti tóbi ju ọnà tí mo fẹ́ gé lọ. Mo gbé e fún ọmọkùnrin kan ládùúgbò, mo lọ wá èyí tó ń gba bíléèdì tí ò ní pín-ìn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ bi wọ́n léèrè ìyẹn kẹ́ ẹ tó bi wọ́n léèrè ohunkóhun.

Ohun tó jẹ́ kí n kọ lẹ́tà yìí gan-an rèé o. Mo fi rúlà fa ìlà kan sórí pákó, mo tan ẹ̀rọ, mo ti pákó síwájú tààrà, kó tó dé àárín, bíléèdì ti kúrò lójú ìlà. Mo pa á, mo fa ìlà mìíràn, ẹ̀gbẹ́ kan náà ló tún yà sí. Mo pààrọ̀ gíláàsì ojú mi, ẹ̀gbẹ́ kan náà ni. Ọ̀rẹ́ mi kan tó wá kí mi wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ọwọ́ àgbà nìyẹn, pé kí n lọ wá géèmù ayò ta. Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí, torí ohun tí èmi náà ń bẹ̀rù nínú ara mi ló fẹnu sọ. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi da aṣọ bo ẹ̀rọ yẹn.

Àṣé irọ́ ni. Bí wọ́n ṣe ń gé eyín sára bíléèdì nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe é, ó máa ń fi etí irin wínníwínní sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ojú lásán ò lè rí i, ẹ̀gbẹ́ yẹn á wá mú ju èkejì lọ, ibẹ̀ ni bíléèdì á máa fẹ́ jẹ lọ. Gbogbo ẹni tó ń lo ẹ̀rọ yìí ló ń bá a yí, ọmọ ogún ọdún o, arúgbó o. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọn kì í ti pákó lọ tààrà, wọ́n máa ń dagun ẹ̀ díẹ̀ báyìí, ìyẹn ni pé wọ́n á yí orí ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, bí ọlọ́kọ̀ ojú omi tí omi ń gbá lọ sápá kan, tí ò ní kọjú ọkọ̀ ẹ̀ sí èbúté gan-an àmọ́ tó máa gúnlẹ̀ síbẹ̀. Mo ka èyí lálẹ́, n ò lè sùn, ilẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa tí mo ti wà nídìí ẹ̀rọ, mo dagun pákó, bíléèdì gba orí ìlà lọ ṣọ̀ọ́. Mo pariwo débi tí ìyá àwọn ọmọ fi sáré jáde, ó rò pé mo ti gé ìka.

Ìyá àwọn ọmọ yìí náà ló sì bá mi yanjú ìṣòro kejì. Bíléèdì 11 ni mo kán lọ́sẹ̀ kan, ó ń dún pàà bí ìbọn ọmọdé. Aránṣọ ni, ó dúró lẹ́yìn mi wò mí fúngbà díẹ̀, ó ní, "Dádì, ta ló ń lé yín? Ẹ kúkú jẹ́ kí ẹ̀rọ jẹ igi ẹ̀ fúnra ẹ̀, ẹ̀yin ẹ ṣáà máa darí ẹ̀." Àní sẹ́, gbogbo agbára tí mo ń lò yẹn ló ń kán an. Èkejì ẹ̀ ni pé n ò kí í fún bíléèdì le tó, tẹ́ ẹ bá fi ìka ta á, ó gbọ́dọ̀ dún gooro bí okùn gìtá, tó bá dún bọ̀ọ̀, ẹ tún un fún.

Ìyókù ò le. Nọ́ńbà ni wọ́n fi ń pe bíléèdì, bí nọ́ńbà ṣe ń kéré ló ń tín-ín-rín, ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ kó mú nọ́ńbà 5 lórí pákó tó nípọn tó bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin íǹṣì kan, á ṣe é lóore. Èyí tí eyín díẹ̀ nísàlẹ̀ ẹ̀ kọjú sókè ló dáa jù, kì í jẹ́ kí ẹ̀yìn pákó ya fánrafànra. Tí igi bá le tó sì ń jóná lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ lẹ téèpù tí wọ́n fi ń di páálí mọ́ ọn lórí kẹ́ ẹ tó gé e. Tó bá sì wá di pé ẹ̀ ń tì í kó tó lọ, bíléèdì ti kú nìyẹn, ẹ má ṣahun.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó dùn mọ́ mi jù. Wọ́n máa ń yàwòrán ẹṣin sójú méjì lára igi kékeré onígun mẹ́rin, ojú kan látiwájú, ojú kejì látẹ̀gbẹ́. Ẹ̀ẹ́ gé ojú kan tán, ẹ ò ní da èyí tó gé kúrò nù, ẹ̀ẹ́ kó gbogbo ẹ̀ padà sáyè wọn, ẹ̀ẹ́ fi sẹ̀lótéèpù dì í kó lè dúró bí igi odindi, ẹ wá gé ojú kejì. Lójú ẹni tó ń wò yín, igi lásán ṣì ni. Ẹ ya téèpù, ẹ rọra ta á níka, èèpo já bọ́ lápá ọ̀tún, ó já bọ́ lápá òsì, ẹṣin kékeré wá dúró lórí àtẹ́lẹwọ́ yín. Àkọ́kọ́ tí mo ṣe, ẹsẹ̀ mẹ́ta ló ní. Mi ò jù ú nù, ó fara ti ògiri lórí fèrèsé mi títí dòní.

Ọmọ-ọmọ mi ló wá sọ mí di oníṣẹ́ pátápátá. Mo gé erin sí ọ̀nà márùn-ún fún un kó máa tò ó pọ̀, jigsaw puzzle tí wọ́n ń pè, ó tò ó tán láàárín ìṣẹ́jú kan, ó ní "Bàbá, èyí ti rọrùn jù." Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ John Spilsbury ní London ló gbé irú ẹ̀ jáde láàárín ọdún 1760 sí 1769, ó lẹ máàpù mọ́ pákó, ó wá gé e gba ààlà orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan káwọn ọmọdé lè fi kọ́ nípa ilẹ̀ ayé. Èyí tí mò ń gé lọ́wọ́ báyìí, ọ̀nà 40 ni, a máa wo ẹni tó máa sọ pé ó rọrùn.

Mi ò ní tan yín o, ẹ̀rọ yìí ò léwu tó ayùn tó ń yí po, àmọ́ ó ń gé ìka, ẹ má fi ìka síwájú bíléèdì láé, ẹ lo awò ojú torí ọjọ́ tó bá kán. Eruku ẹ̀ ni mo bẹ̀rù jù. Àjọ àgbáyé tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ, IARC, ti ka eruku igi mọ́ ohun tó ń fa jẹjẹrẹ láti 1995, imú ló ń bá jà jù. Ẹ rí i pé ẹ lo ìbòmú tó dáa, kì í ṣe aṣọ tẹ́ ẹ kàn so mọ́ imú, kẹ́ ẹ sì ṣí fèrèsé. Àwọn fídíò tí wọ́n ń gbé kiri kì í sọ ìyẹn, ó sì ń bí mi nínú.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tẹ lẹ́tà yìí jáde, torí mo mọ̀ pé ẹnì kan wà níbì kan tó ti da aṣọ bo ẹ̀rọ ẹ̀ bíi tèmi, tó ń wo ọwọ́ ara ẹ̀ pé òun ti dàgbà jù. Kó lọ dagun pákó ẹ̀ wò ná.

Èmi ni tiyín,
Akàwé-owó tó ti fẹ̀yìn tì