Ẹni tí fáìlì sọnù lọ́wọ́ rẹ̀ ni kó lọ búra

Olóòtú,

Ẹ bá mi bi àwọn ọ̀gá wa nílé iṣẹ́ ìjọba: ṣé òṣìṣẹ́ ló ń tọ́jú fáìlì ara rẹ̀ ni, àbí ẹni tó gbà á síṣẹ́? Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n tún pe àwa tí a ti fẹ̀yìn tì jọ fún àyẹ̀wò ìwé. Ọmọbìnrin tó wà nídìí kọ̀ǹpútà wá orúkọ mi títí, ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú, a ò rí fáìlì yín o. Ẹ lọ mú lẹ́tà tí wọ́n fi gbà yín síṣẹ́ wá." Lẹ́tà ọdún 1983! Ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ mi ti bá omíyalé oṣù kẹjọ ọdún 2011 lọ, ará Ìbàdàn kankan kò sì ní bi mí léèrè irú omi wo nìyẹn.

Èyí tó dùn mí jù ni pé wọ́n ní kí n lọ ṣe àfídáfíìtì ní kóòtù pé ìwé mi sọnù. Ìwé ta ló sọnù? Àwọn ni fáìlì sọnù lọ́wọ́ wọn, èmi ni kí n lọ búra, kí n tún fi owó ara mi san án!

Wọ́n ní àwọn ti kó gbogbo rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà. Irọ́ kọ́, mo fojú ara mi rí i. Ìwé kún inú rẹ̀ fọ́fọ́, ṣùgbọ́n "Scan001", "Scan002" ni wọ́n sọ wọ́n. Kò sí orúkọ ènìyàn, kò sí nọ́ńbà òṣìṣẹ́. Èyí tó wà nínú kọ̀ǹpútà kejì kò tilẹ̀ ṣeé ṣí, nítorí wọ́n ti gbé ẹni tó mọ password rẹ̀ lọ sí ẹ̀ka mìíràn. Bébà gan-an ńkọ́? Ikán ń jẹ ẹ́ nínú yàrá kan lẹ́yìn.

Òfin Òmìnira Ìròyìn ọdún 2011 sọ ọ́ kedere pé kí gbogbo ilé iṣẹ́ ìjọba máa tọ́jú àkọsílẹ̀ nípa iṣẹ́ wọn àti òṣìṣẹ́ wọn lọ́nà tí yóò rọrùn láti rí. Ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ ba àkọsílẹ̀ jẹ́, ẹ̀wọ̀n ọdún kan ó kéré tán ni òfin náà dá fún un. Ẹni tó ń fi í fún ikán jẹ ńkọ́? Ẹ wọ National Archives, ilé tí ìjọba ń tọ́jú ìwé àtijọ́ sí, nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, èyí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Kenneth Dike ṣe agbátẹrù rẹ̀ láti ọdún 1954: ẹ ó rí lẹ́tà tí àwọn ajẹ́lẹ̀ òyìnbó kọ kí wọ́n tó bí bàbá mi, tòun ti nọ́ńbà lára. Tèmi tó jẹ́ ti ọdún 1983 ni wọn ò rí.

Nígbà tí mo wọṣẹ́, ìwé ńlá kan wà ní rẹ́jísítìrì, yàrá tí wọ́n ń kó fáìlì sí. Ẹni tó bá fẹ́ mú fáìlì jáde yóò kọ orúkọ rẹ̀, ọjọ́, àti ọ́fíìsì tó ń gbé e lọ, yóò sì fọwọ́ sí i. Káàdì ni wọ́n á fi dípò fáìlì náà lórí pẹpẹ. Ìyá tó jẹ́ olórí ibẹ̀ kì í fún dáríẹ́kítọ̀ pàápàá ní fáìlì tí kò bá fọwọ́ sí i (gbogbo wa là ń sá fún ẹnu ìyá yẹn). Ìwé yẹn ni kí wọ́n dá padà, kí wọ́n gbé e sínú kọ̀ǹpútà. Kí fáìlì kọ̀ọ̀kan máa jẹ́ nọ́ńbà òṣìṣẹ́ àti ọdún tó wọṣẹ́. Kí kọ̀ǹpútà máa kọ orúkọ ẹni tó ṣí i, ẹni tó yí nǹkan padà níbẹ̀, àti ìgbà tó ṣe é, kí ọ̀gá kankan má sì lè pa á rẹ́. Òṣìṣẹ́ tí wọ́n bá fẹ́ gbé lọ ibòmíràn, kó kọ́kọ́ fa ohun tó wà níkàáwọ́ rẹ̀ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, tó fi mọ́ password, kí àwọn méjèèjì fọwọ́ sí i. Bí fáìlì bá wá di àwátì, a ó mọ ẹni tí a ó mú.

Kí wọ́n tọ́jú ẹ̀dà kan sí ìlú mìíràn. Kí wọ́n yéé fi ìwé wa ránṣẹ́ lórí WhatsApp ara wọn. Kí wọ́n sì máa san owó ìfẹ̀yìntì wa lọ bí wọ́n ṣe ń san án tẹ́lẹ̀, títí wọn yóò fi rí ohun tí wọ́n sọ nù.

Òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì kan,
Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn