Ẹ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì fọwọ́ ara wọn ṣe ìdánwò

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Mo ka ìròyìn yín lórí ìdánwò kọ́ọ̀sì nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọ̀ǹpútà (bí a ṣe ń so kọ̀ǹpútà pọ̀ mọ́ra) ní yunifásítì orí íntánẹ́ẹ̀tì, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń yan ìdáhùn sí ìbéèrè. Èrò mi ni pé kí wọ́n dín ìbéèrè tí à ń yan ìdáhùn sí kù, kí akẹ́kọ̀ọ́ máa fọwọ́ ṣiṣẹ́. Ẹni tó há a sórí pé ìpín nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí à ń kọ ní /26 ní àdírẹ́sì 64 (nọ́ńbà tí a fi ń dá ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan mọ̀), tí 62 péré ṣeé fún ẹ̀rọ, lè má mọ ohun tí yóò ṣe bí kọ̀ǹpútà méjì orí tábìlì kan kò bá lè fi nǹkan ránṣẹ́ síra wọn nítorí pé ẹnìkan ṣi nọ́ńbà kan tẹ̀ nínú àdírẹ́sì, mo sì ń rí i lọ́dọ̀ àwọn ọmọṣẹ́ mi. Kí wọ́n sì fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ọjọ́ méjì láti fi ṣe ìdánwò náà, nítorí iná tó lọ láàárín ìdánwò ló gba máàkì lọ́wọ́ ọmọ mi, kì í ṣe àìmọ̀.

Èmi ni tiyín,
Alátùn-únṣe kọ̀ǹpútà, Kútọ̀, Abẹ́òkúta.