Ẹ Má Di Gbogbo Ẹrù Náà Lé Olùkọ́ Lórí

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Mo ka ìròyìn yín lórí ìmọ́tótó àwọn ọmọdé, níbi tí ẹ ti ní kí olùkọ́ tẹra mọ́ṣẹ́. N kò fara mọ́ ọn. Ilé ni ọmọ ti ń kọ́ ìwà. Àwa olùkọ́ kàn ń bá àwọn òbí tẹ̀ lé e ni.

Ohun tí ọmọ bá rí ni yóò ṣe. Òbí tí kì í fọwọ́ kó tó jẹun, ẹnu lásán ló fi ń pàṣẹ. Ẹ̀yin òbí, kí ẹ̀yin àti ọmọ yín jọ dúró nídìí omi, kí ẹ fi ọṣẹ fọwọ́ fún ìṣẹ́jú-àáyá 20, kí ẹ máa kọrin sí i. Ẹ bá a fọ eyín pẹ̀lú, nítorí ọwọ́ ọmọ ọdún 4 kò tíì gbọ́n tó láti dá a ṣe.

Ti oorun ló dùn mí jù. Ọmọ ọdún 3 tàbí 4 nílò oorun wákàtí 10 sí 13 lójúmọ́, síbẹ̀ fóònù ni wọ́n ń wò di òru. Tó bá di àárọ̀, iwájú mi ni wọ́n á ti máa tòògbé. Ẹ gba fóònù náà ní wákàtí kan kí wọ́n tó sùn. Wọ́n á sunkún (ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni tèmi fi sunkún), wọ́n á sì dákẹ́.

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi