Pẹ́ńsù ti yá jù fún ọmọ ọdún mẹ́ta

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Bí táàmù bá ti ń parí ní jẹ́lé-ó-sinmi wa káàkiri Èkìtì, ohun tí òbí kọ́kọ́ ń béèrè ni ìwé: ojú ewé mélòó ló kún? Kí ìwé lè kún, tíṣà á di ọwọ́ ọmọ ọdún 3 mú, á bá a wọ́ pẹ́ńsù. Tíṣà ló kọ ìyẹn o, ọmọ kọ́.

Eegun kéékèèké 8 ló wà ní ọrùn-ọwọ́ àgbà. Nígbà tí a bí ọmọ, kò sí èyí tó tíì le nínú wọn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń le bó ti ń dàgbà. Ọmọ ọdún 3 lè fa ìlà tó dúró àti èyí tó dùbúlẹ̀, ó sì lè yí òdo. Kó fi ìlà kan dábùú òmíràn, ó di bí ọdún 4. Ìlà tó dagun, irú ti onígun mẹ́ta, ó di bí ọdún 5. Ẹ wá wo A ńlá: ìlà méjì tó dagun! Èyí tó le jù la fi ń ṣíde. I, L, T àti O ló yẹ kó ṣíwájú.

Kí pẹ́ńsù tó dé rárá, amọ̀ ni. Kò wọ́n wa níbí. Ẹ bi àwọn amọ̀kòkò Ìṣàn. Ẹ gé e bí ọsàn kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Bó bá ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́, omi ti pọ̀, ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i. Bó bá ń sán, ẹ wọ́n omi sí i. Kí wọ́n yí i bí ejò, kí wọ́n fi ejò náà ṣe L, kí wọ́n ká a di O. Aṣọ tútù ni kẹ́ ẹ fi bo ìyókù ní ọjọ́ Ẹtì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òkúta lẹ máa bá ní ọjọ́ Ajé. Bí pẹ́ńsù bá wá dé, ẹ fún wọn ní èyí tó kúrú bí ìka, tàbí ajẹkù ṣọ́ọ̀kì. Kò gba ìkúùkù. Ìka mẹ́ta ni wọ́n máa fi mú un dandan.

Ìṣirò ńkọ́? Ọmọ á kà dé 50 bí ẹni ń kọrin. Ẹ ní kó mú ìdérí ike omi 4 wá, ẹ̀kúnwọ́ ló máa bù. Ọpọ́n ayò dára fún un: ihò 12, ọmọ 4 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bó ti ń ju ẹyọ kọ̀ọ̀kan sí ihò kọ̀ọ̀kan ni iye ń yé e. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ọmọ ayò tàbí ẹ̀wà sọ́wọ́ àwọn tó kéré jù. Imú ni wọ́n ń kì í bọ̀. Ẹ̀wà á wú níbẹ̀, ọ̀rọ̀ á di ti dókítà.

Ọmọ tó pe ilé ní “ulé” náà ò ṣìṣe. Èdè ilé rẹ̀ ló sọ. Ẹ fi ti inú ìwé kún un, ẹ má fi pa á lẹ́nu mọ́.

Mo mọ ìdí tí tíṣà fi ń sá sídìí pẹ́ńsù. Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2013 ní kí ọmọ 25 wà lọ́dọ̀ tíṣà kan. Bí wọ́n bá wá di 45, ta ló máa pín amọ̀, ta ló máa fọ ọwọ́? Ìwé kíkọ ló ń mú kí yàrá dákẹ́.

Ẹ̀yin òbí, bí ẹ bá dé ilé ìwé lópin táàmù yìí, ẹ jẹ́ kí ìwé wà nínú báàgì ná. Ẹ ní kí ọmọ de bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀, kó sì kó ìdérí 4 wá fún yín.

Olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi kan,
Adó-Èkìtì