Ọ̀nà ọjà ni Sani Pass, kì í ṣe ọ̀nà eré onímọ́tò

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka ohun tí akọ̀ròyìn yín kọ nípa Sani Pass, ọ̀nà orí òkè tó ti KwaZulu-Natal ní South Africa gùn lọ sí Lesotho. Inú mi dùn pé ẹ rántí apá ibẹ̀, torí òwò máa ń gbé mi débẹ̀, àmọ́ nígbà tí mo kà á tán mo ní, àwọn Basotho, ìyẹn àwọn ará Lesotho, wá dà? Kọ́nà, òkúta, ọ̀gbun, bí àyà àwọn àlejò ṣe já àti bíà tí wọ́n mu nílé ọtí tó wà lókè téńté, gbogbo ẹ̀ náà nìyẹn. Òótọ́ ni pé ibẹ̀ ń bani lẹ́rù, ó ga tó nǹkan bíi 2,900 mítà, àwọn aṣọ́bodè South Africa ò sì ní jẹ́ kí ọkọ̀ tí kì í ṣe four-by-four, èyí tí ẹ́ńjìnnì ń yí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, gùn ún.

Ṣùgbọ́n kí jíìpù àkọ́kọ́ tó gun ibẹ̀ lọ́dún 1948, ẹṣin àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ló ń gbẹ́rù gbabẹ̀, irun àgùntàn àti irun ewúrẹ́ ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sọ́jà, àpò èlùbọ́ àgbàdo ń gòkè bọ̀. Iṣẹ́ tí ọ̀nà yẹn ń ṣe ò tíì yí padà dòní, ará Mokhotlong, ìlú kan ní Lesotho, tó fẹ́ lọ ra nǹkan ní Underberg ní South Africa, ibẹ̀ náà ló máa gbà, ẹrù lórí itan nínú takisí, á máa gbàdúrà kí yìnyín má bọ́ kó tó délé.

Ẹ wo àwọn darandaran wọn náà. Ọmọ kékeré lọ̀pọ̀ nínú wọn, bùláńkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi ń bora, wọ́n á fi píìnì ńlá dè é níwájú, bàtà òjò lẹ́sẹ̀, ọ̀pá lọ́wọ́, ajá lẹ́yìn. Wọ́n ní ohun ìkọrin kan tó ń jẹ́ lesiba, okùn kan ni wọ́n ta sára igi tí wọ́n fi ègé ìyẹ́ ẹyẹ sí ní ìparí, ìyẹ́ yẹn ni wọ́n ń fẹnu fẹ́ tí yóò máa dún hùn-ùn bí ohun ẹlẹ́mìí, màlúù sì ń gbọ́ràn sí i lẹ́nu! Bùláńkẹ́ẹ̀tì yẹn náà, bí aṣọ òkè ṣe jẹ́ fún wa ló jẹ́ fún wọn, kì í ṣe ti òtútù nìkan. Èyí tó ní ṣúkù àgbàdo lára, ìbísí ló wà fún, ìlà ara rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ dúró gbọọrọ, wọ́n ní tó bá dùbúlẹ̀ kì í jẹ́ kéèyàn gbèrú.

Fọ́tò ọ̀pá tí wọ́n so aṣọ funfun mọ́ lẹ́nu ọ̀nà ilé kan, tẹ́ ẹ ní àsíá ìjọ ni, ẹ̀rín pa mí o. Ọtí ọkà bàbà ló ti délẹ̀ nínú ilé yẹn jàre. Tẹ́ ẹ bá rí pupa, ẹran ni wọ́n ń tà.

Èyí tó dùn mí jù ni ibi tẹ́ ẹ ti ní kí wọ́n má da ọ̀dà sí ọ̀nà Sani Pass torí adùn rẹ̀ á lọ. Adùn ta ni? Lesotho ti da ọ̀dà sí tiwọn láti orí òkè dé Mokhotlong, apá ibi tí òkè ti dà gẹ̀rẹ́ yẹn ló ṣẹ́ kù, àwọn tó ń fi four-by-four gbé àlejò ò sì fẹ́ kó yí padà torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹun. Àwọn tó ń ṣàníyàn omi àti ewéko ní tiwọn ní ẹjọ́ gidi, UNESCO ti forúkọ àwọn òkè Drakensberg, níbi tí ọ̀nà yìí wà, sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ogún àgbáyé láti 2000, gọ́tà tí ò dáa á gbẹ́ ilẹ̀ yẹn lọ ráúráú. Kí wọ́n ṣe gọ́tà tó dáa nígbà náà.

Tẹ́ ẹ bá tún máa rán èèyàn lọ, ẹ jọ̀ọ́, kó wọ takisí àwọn ará Mokhotlong, kó bi àwọn tó jókòó síbẹ̀ bóyá wọ́n fẹ́ ọ̀dà, kẹ́ ẹ sì tẹ èsì wọn jáde bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Kó mú kóòtù dání, ní December tó jẹ́ ìgbà ooru níbẹ̀ pàápàá.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Durban