Lẹ́tà sí Àlàbí lórí táńkì omi alumíníọ́mù

Gàà Àkàńbí,
Ìlọrin,
Ìpínlẹ̀ Kwara.

Àlàbí, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ kú àjò, mo sì kí gbogbo ará ilé. O bèèrè ohun tó dé tí mo fi fẹ́ fi alumíníọ́mù rọ táńkì omi tí ń mú ẹ́ńjìnnì tutù fún ọkọ̀ mi nígbà tí oníke ṣì wà lọ́jà. Ike náà kì í pẹ́ lọ́wọ́ wa níbí. Bí ooru ẹ́ńjìnnì bá ti ń lù ú tí ó sì tún ń tutù, yóò gan, àwọ̀ rẹ̀ yóò pọ́n, ibi tí wọ́n ti lẹ ìdajì òkè mọ́ ti ìsàlẹ̀ ni yóò sì kọ́kọ́ là. Tèmi là lójú ọ̀nà Àjàṣẹ́-Ìpo ní ọ̀sán gangan nínú oṣù Ẹrẹ́nà, gbogbo omi sì dà sílẹ̀ kí n tó rí ibi dúró sí. Tòkúnbọ̀ tí àwọn oníṣòwò ń tà ti lo ọjọ́ ayé tirẹ̀ tán lára ọkọ̀ ẹlòmíràn kó tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Kí a tó fọwọ́ kan irin rárá, agbára tí ń ti ògiri táńkì láti inú ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ gbé yẹ̀ wò. Omi lásán a máa hó ní 100°C, ṣùgbọ́n bí ìdérí táńkì bá dá agbára 1.4 bar dúró sórí rẹ̀ (bar ni a fi ń wọn agbára tí ń ti nǹkan), kò ní hó títí yóò fi tó nǹkan bí 126°C. Ohun tó ń gba ẹ́ńjìnnì là nìyẹn, òun náà ni ó sì ń fẹ́ fọ́ táńkì. Ṣírò rẹ̀ wò: ògiri pẹrẹsẹ tí ó gùn ní 20 sẹ̀ǹtímítà, tí ó sì ga ní 15, yóò gba ẹrù tí ó lé ní 400 kílò, ìyẹn ju àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́jọ lọ. Táńkì roboto ni ìbá dára jù, ṣùgbọ́n àyè tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíétọ̀ kò gbà á. Mo fi páálí gé àpẹẹrẹ rẹ̀, mo sì ń tún un gé títí ó fi jókòó láìkan ìbòrí ẹ́ńjìnnì. Nítorí náà, mo fi pákó irin kan tí a lu ihò sí lára sí àárín rẹ̀ nínú, tí a ó jó mọ́ ògiri méjèèjì kí wọ́n má baà wú síta. Pákó yìí kan náà ni yóò mú omi rọlẹ̀, kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè ráyè gòkè. Họ́ọ̀sì kékeré tó ń kó afẹ́fẹ́ bọ̀ láti orí rédíétọ̀ yóò wọlé lókè, èyí tó tóbi yóò sì jáde nísàlẹ̀ lọ sí ẹnu pọ́ǹpù omi. Táńkì fúnra rẹ̀ ni ó gbọ́dọ̀ ga ju gbogbo ibi tí omi ń gbà lọ. Omi a máa fẹ̀ bí ó bá ti ń gbóná, nítorí náà mo fi àyè tó lítà kan sílẹ̀ fún un lókè.

Ní ti irin, páànù alumíníọ́mù irú tí wọ́n ń pè ní 5052, tó nípọn ní mílímítà 3 ni mo yàn, nítorí pé ó ṣeé ká láìsán. Ọ̀rọ̀ ọ̀pá tí a ó fi jó o ni mo fẹ́ kí o fiyè sí. Èyí tí àwọn jórinjórin sábà máa ń mú fún 5052 ni ọ̀pá 5356, ojú ibi tí ó bá jó a sì máa lágbára lóòótọ́. Ṣùgbọ́n èròjà irin tí wọ́n ń pè ní magnesium pọ̀ nínú rẹ̀, bí ó bá sì ń wà nínú ooru tó ju 65°C lọ fún ìgbà pípẹ́, ó lè máa sán díẹ̀díẹ̀ láìsí ẹni tó mọ̀. Inú ooru bẹ́ẹ̀ ni táńkì omi ọkọ̀ ń gbé lójoojúmọ́. Ọ̀pá 4043 kò ní àléébù yìí, òun ni mo sì takú lé lórí.

A kì í rí omi láti ẹ̀yìn irin, nítorí náà ojú dígí kékeré kan yóò wà ní ibi tí omi tútù yẹ kó dé. Rọ́bà ni yóò wà láàárín táńkì àti ara ọkọ̀, nítorí kòtò ojú ọ̀nà wa. Omi tí wọ́n ti yọ iyọ̀ rẹ̀ kúrò ni a ó pò mọ́ kúláǹtì, ìyẹn oògùn omi ẹ́ńjìnnì, nítorí iyọ̀ inú omi kànga lè dá alumíníọ́mù lu.

Bí wọ́n bá jó o tán, a ó rọ omi kún un dé ẹnu, a ó fi pọ́ǹpù ọwọ́ tì í dé 2.1 bar, a ó sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Jọ̀wọ́, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà ọ́ nímọ̀ràn láti fi afẹ́fẹ́ dán irú rẹ̀ wò: bí táńkì tó kún fún omi bá là, omi yóò kàn jò ni, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ afẹ́fẹ́ ni wọ́n fún mọ́ inú rẹ̀, ó lè bú gbàmù kí ó sì ṣe ènìyàn léṣe.

Ohun méjì ni mo fẹ́ kí o bá mi rà níbẹ̀: ọ̀pá 4043, àti ìdérí ojúlówó tí wọ́n kọ 1.4 sí. Kí ìdérí náà tètè dé, nítorí òun ni oníléèdì, ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin, yóò fi wọn ọrùn táńkì, n kò sì ní jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ láìrí i. Mo fi àwòrán náà sínú ìwé yìí. Wo ihò ara pákó àárín fún mi dáadáa, kí o sọ bóyá o rò pé wọ́n tóbi tó fún omi láti kọjá nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń sáré.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
Àjàní